Ogún Ẹṣin Tó Sọnù: Àkọsílẹ̀ Ẹjọ́ Camry Méjì ní Ìlọrin

Camry aláwọ̀ eérú kan ló wọ ọgbà wa lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn, ẹni tó rà á ló wà á wọlé. Kò tíì pa iná ọkọ̀ tí ọ̀kadà fi gbé ẹni tó tà á dé. Àwọn méjèèjì kò kí ara wọn. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní ọgbà mẹkáníìkì mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá wọlé báyìí, ẹjọ́ ló bá a wọlé.

Iṣẹ́ wáyà àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni mò ń ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣe ségesège, èmi ni mo máa ń fi skánà bi í léèrè ibi tó ń dùn ún. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bó ṣe lọ, títí kan ibi tí èmi gan-an ti ṣì í ṣe, nítorí ó gbà wá ní ọjọ́ mọ́kànlá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ènìyàn méjì tí kò purọ́ fún ara wọn di ọ̀tá.

Olùkọ́ físíìsì ni ẹni tó ra ọkọ̀. Tíṣà ni gbogbo ọgbà ń pè é, orúkọ tí n ó máa pè é níbí náà nìyẹn. Ọmọ Òmù-Àrán ni, Tanke níbí ní Ìlọrin ló ń gbé. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún un ni Alhaji kan tó ń ta tòkunbọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Gáràjì Ọ̀ffà. Tíṣà ló kọ́kọ́ lanu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ọkọ̀ yìí dáadáa. Ẹṣin 210 ni mo sanwó rẹ̀. Kò pé."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹṣin (horsepower) ni wọ́n fi ń ka agbára ẹ́ńjìnnì. Ìlọrin ṣáà ni wọ́n ń kì pé ìlú tóbi tó báyìí kò léégún, ẹṣin léégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé bí èèyàn bá yí ohùn ọ̀rọ̀ kan péré padà nínú oríkì yẹn, ọ̀kọ̀ á di ọkọ̀, gbogbo ọgbà mẹkáníìkì á sì di ojúbọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò tíì rí ẹni tó ka ẹṣin abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kan-kan tó wá sọ pé ó dín.

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Alhaji pàápàá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wallahi, ohun tó wà nínú ìwé ni mo fi hàn án. Bí mo bá fi ẹyọ kan kún un, kí Ọlọ́run bi mí."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Camry méjì ló wà ní ọ̀dọ̀ Alhaji, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní Big Daddy, tí Toyota ṣe láti 2002 sí 2006. Ọ̀kan aláwọ̀ eérú, ọ̀kan dúdú. Plọ́ọ̀gì mẹ́fà ni àwọn méjèèjì, ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́ta. Aláwọ̀ eérú jẹ́ ti 2005, dúdú jẹ́ ti 2006. Bí ọjà tòkunbọ̀ ṣe rí, èyí tó kéré lọ́jọ́ orí ló yẹ kó wọ́n jù. Ṣùgbọ́n Alhaji ti rí mágásínì mọ́tò ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan nínú búùtù ọkọ̀ tó dé láti òkun. Ó ya ojú ìwé kan nínú rẹ̀, ó fi ọ̀rá bò ó kí òjò má bàa bà á jẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú aláwọ̀ eérú. Camry ti 2005 ló wà níbẹ̀, àti agbára rẹ̀: 210. Ó fi báírò pupa yí 210 náà po lẹ́ẹ̀mejì.

Òun nìkan kọ́ ló gba mágásínì gbọ́. Láti kékeré ni Tíṣà ti ń kà wọ́n. Awakọ̀ ni bàbá rẹ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń mú wálé fún un dípò bisikíìtì. Nígbà tó rí 210 lára gíláàsì, ó délé, ó wá ti 2006 fúnra rẹ̀, ó rí 190. Ẹ́ńjìnnì kan náà, ogún ẹṣin ti dín. Ohun tó rò ni pé Toyota ti fún ẹ́ńjìnnì náà lọ́rùn ní ọdún tó kẹ́yìn kí wọ́n tó gbé Camry tuntun jáde. Ó fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà lé owó èyí tó dàgbà jù, ó wà á lọ. Alhaji ló sọ iye yẹn, Tíṣà náà kò sì jiyàn.

Ní báyìí, ó ní ọkọ̀ náà kò sáré bí mágásínì ṣe wí. Ó ní ọ̀kan nínú ohun méjì ni: yálà Alhaji ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, tàbí ẹ́ńjìnnì ti gbó, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó tà á.

Ibi tí mo ti ṣì í ṣe ló kàn. Mo gbà á gbọ́ pé ẹṣin sọnù lóòótọ́. Mo so skánà mọ́ ọkọ̀: kò sí kóòdù àìsàn kankan. Epo àti afẹ́fẹ́ ń pàdé bó ṣe yẹ kí wọ́n pàdé. Gíà ń yí láìfa ara. Nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì bá ìwé mu, nítorí náà kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Mo wo sàlẹ́ńsà, catalyst, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, ṣì wà nínú rẹ̀ (èyí fúnra rẹ̀ yà mí lẹ́nu, nítorí àwọn tó ń rà á kiri kì í jẹ́ kó pẹ́ lábẹ́ ọkọ̀). Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. N kò dúró.

Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, plọ́ọ̀gì mẹ́ta wà níwájú níbi tí ọmọdé ti lè rí i. Mẹ́ta yòókù wà lẹ́yìn, lábẹ́ ọpọ́n tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, èèyàn sì gbọ́dọ̀ tú ọpọ́n náà kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á pààrọ̀ mẹ́ta iwájú, wọ́n á gba owó mẹ́fà. Mo ní ohun tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yìí nìyẹn. Mo tú ọpọ́n. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ṣì dára. Mo pààrọ̀ wọn náà ṣá, nítorí ẹni tó ti fi wákàtí méjì tú nǹkan, ojú máa ń tì í láti dá ògbólógbòó plọ́ọ̀gì padà síbi tó ti yọ ọ́.

Ọjọ́ kẹta, Tíṣà padà wá. Kò sí àyípadà. Ìgbà yẹn ni mo tó bi í ní ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Tíṣà, kí lẹ fi mọ̀ pé kò pé?"

Ó mú fóònù jáde. Ó ti gba áàpù kan sórí rẹ̀ tó ń lo GPS láti ka ìṣẹ́jú-àáyá tí ọkọ̀ fi ń kúrò ní ìdúró dé máìlì 60 ní wákàtí kan, ìyẹn kìlómítà 97 lọ́nà tiwa. Mágásínì ní Camry yìí kò ní lò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ. Fóònù Tíṣà ń kọ mẹ́wàá àti ààbọ̀.

"Níbo lẹ ti dán an wò?"

"Ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, nígbà tí à ń lọ sílé."

"Ẹ̀yin àti ta?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló gbé. Iṣu wà nínú búùtù. Agogo méjì ọ̀sán ni, nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn Ìlọrin ń bọ́ èèyàn lára. AC sì wà ní títàn dé òpin, nítorí ta ni yóò pa AC nínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀? Mo wò ó, ó wò mí. Òun tó ń kọ́ àwọn ọmọ pé F = ma láràárọ̀, ìyẹn pé bí ẹrù bá pọ̀, eré á pẹ́ kó tó yá, ló fọwọ́ bo ojú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi."

Ẹrù nìkan kọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní turbo, ẹ̀rọ tó ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ wọlé, ń mí bí èèyàn ṣe ń mí. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná, ó fúyẹ́, èyí tó ń wọlé kò sì pọ̀ tó láti jó epo dáadáa. Ìlọrin fi nǹkan bí mítà 300 ga ju ojú òkun lọ, èyí náà ń ja afẹ́fẹ́ díẹ̀. Òfin tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, SAE, fi ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì gba ìgbóná 25 °C gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n. Bí tiwa bá jẹ́ 36, tí a sì ro ti òkè tí a wà mọ́ ọn, nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún agbára ti lọ. Nínú ẹṣin 190, bíi mẹ́wàá ti kú sójú ọ̀nà kí Tíṣà tó tẹná rárá. Ọ̀pọ̀ mágásínì mọ èyí dáadáa. Bí wọ́n bá dán ọkọ̀ wò níbi tó ga tàbí níbi tó gbóná, wọ́n á fi ìṣirò tún èsì náà ṣe, bí ẹni pé etí òkun ni wọ́n ti dán an wò ní àárọ̀ tútù. Iye tí wọ́n tẹ̀ jáde á wá jẹ́ iye tí ọkọ̀ náà kò sá lójú ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ méjì ni à ń fi wéra, ìṣirò yẹn dára, n kò bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Tanke kò lè wa ìṣirò lọ sí Òmù-Àrán.

Mo ní ká dá ọ̀rọ̀ náà dúró ná. Camry dúdú ti 2006 ṣì wà ní ọ̀dọ̀ Alhaji, kò tíì rí ẹni rà á. Bí ogún ẹṣin bá wà láàrin àwọn méjèèjì lóòótọ́, kí a gbé wọn sójú ọ̀nà kan náà, lówúrọ̀ kan náà, kí awakọ̀ kan náà wà wọ́n. Ìyẹn á fi ẹṣin hàn. Alhaji kọ́kọ́ kọ̀, ó ní epo ta ni? Tíṣà ní òun á ra epo.

Lẹ́yìn ìrun Súbúhì ọjọ́ Àìkú, a ti wà lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn Ẹyẹnkọ́rìn, níbi tó ti gbà lọ gbà bọ̀ tó sì tẹ́jú. Kìlómítà 97 kò kọjá 100 tí àwọn Road Safety fi àyè gbà fún ọkọ̀ kékeré lójú irú ọ̀nà yẹn, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè mú wa. Mo yan ọmọ iṣẹ́ mi kan tí kò sanra láti wa àwọn méjèèjì. A yọ ohun gbogbo kúrò nínú búùtù, àfi táyà àfidípò. A pa AC. A wọn afẹ́fẹ́ táyà, a sì da epo iye kan náà sínú táńkì wọn. Ọmọ náà wa ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀mejì ní àlọ, ẹ̀mejì ní àbọ̀, nítorí ojú ọ̀nà tó dà bíi pé ó tẹ́jú lójú èèyàn máa ń dà díẹ̀ síbì kan. Tíṣà ń kọ ọ́ sínú ìwé, Alhaji dúró tì í bí alámòójútó ìdánwò.

Aláwọ̀ eérú, ẹlẹ́ṣin 210: ìṣẹ́jú-àáyá 9.0, bí a bá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ tí a pín in. Dúdú, ẹlẹ́ṣin 190: 8.9.

Alhaji ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èyí tó kéré ló sáré jù?"

Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kì í ṣe sísáré jù, mo sọ fún un. Bí ọmọ náà bá gbé ẹsẹ̀ lé iná pẹ́ díẹ̀, ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ọgba ni wọ́n. Àwọn méjèèjì sáré bí ẹni tí ìyá kan bí, nítorí ìyá kan náà ló bí wọn.

Ibẹ̀ ni Tíṣà ti ṣe ohun tó là mí lójú. Ó ń fọwọ́ tẹ áàpù kiri, ó ṣèèṣì kan ibì kan tí wọ́n kọ "1 ft rollout" sí, 9.0 tó wà lójú fóònù sì di 8.7. Ó pariwo pé ọkọ̀ òun ti yá sí i. Ọkọ̀ kò sì kúrò lójú kan! Eré tí ó ti sá tẹ́lẹ̀ ni áàpù tún kà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé, mo kà nípa rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje lórí ìlà títọ́ ní Amẹ́ríkà, ìtànṣán iná kan ló máa ń gba iwájú táyà kọjá. Agogo kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ gbéra, ìgbà tí táyà bá yí kúrò lójú ìtànṣán náà ló ń bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan síwájú. Ní àkókò yẹn ọkọ̀ ti ń sá máìlì mẹ́ta sí márùn-ún ní wákàtí kan. Àwọn mágásínì Amẹ́ríkà gbé àṣà yìí láti ibẹ̀ wá sínú ìdánwò tiwọn, wọ́n sì pè é ní òdo sí 60. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe òdo. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ló ń fò báyìí lọ́pọ̀ ìgbà. Lára ọkọ̀ tó ń lo mẹ́sàn-án, kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní 2021, nígbà tí Tesla gbé Model S Plaid jáde pé ìṣẹ́jú-àáyá 1.99 ló fi ń dé 60, àlàyé kékeré kan wà nísàlẹ̀ pé wọ́n ti yọ ẹsẹ̀ bàtà àkọ́kọ́ kúrò. Ẹsẹ̀ bàtà kan yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀ láàrin kí a sọ pé ọkọ̀ kò lo tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì àti kí a sọ pé ó lò ju méjì lọ. Tíṣà ní bí ọmọ kíláàsì òun bá ṣe irú èyí nínú ìdánwò, òun á fún un ní òdo, òdo gidi.

Ṣùgbọ́n kí ló dé ti 210 àti 190? Èyí ni mo fi ọjọ́ méjì wá, òun ló sì parí ẹjọ́.

Kò sí ẹṣin kankan tó kú láàrin 2005 sí 2006. Òṣùwọ̀n ló yí padà. Òfin tí SAE ń lò tẹ́lẹ̀ láti wọn agbára ẹ́ńjìnnì ní ibi púpọ̀ tí kò sọjú abẹ níkòó: irú epo tí wọ́n lè dà sínú ẹ́ńjìnnì nígbà ìdánwò, iye ọ́ìlì tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn páńpù tó gbọ́dọ̀ so mọ́ ọn bí ó ṣe máa ń so mọ́ ọn lójú títì. Ilé iṣẹ́ tó bá gbọ́n, èyí tó dára jù fún un ni yóò mú, kò sì rú òfin. Nígbà tí SAE dí àwọn ihò yẹn, tí ilé iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin tuntun fún ọkọ̀ 2006, ọ̀pọ̀ iye wálẹ̀. Camry lítà mẹ́ta kúrò ní 210 ó di 190. Ti plọ́ọ̀gì mẹ́rin náà wálẹ̀ láti 160 sí 154. Kì í ṣe Toyota nìkan, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló wálẹ̀: ẹ́ńjìnnì Corvette Z06 tí wọ́n ti ń pè ní 500 di 505 nígbà tí wọ́n fi òṣùwọ̀n tuntun wọ̀n ọ́.

Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún Alhaji lábẹ́ igi dóńgóyárò ọgbà wa ni pé kí ó ro ọjà Ìpàtà. Ìyá kan wọn ìrẹsì fún un ní kóńgò kan, ó bù ú ní òkìtì títí ó fi ń dà sílẹ̀. Ìyá kejì wọn ìrẹsì láti inú àpò kan náà, ó fi ọwọ́ nu orí kóńgò kó tó dà á sínú ọ̀rá. Kóńgò kan ni àwọn méjèèjì pè é. Ẹni tó bá sanwó ju lórí èyí tó lókìtì kò jìyà, ó rí òkìtì. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí, òkìtì náà wà lórí ìwé nìkan.

Alhaji mi orí. "Ṣé mágásínì kò mọ̀ ni?"

Mágásínì mọ̀. Ìròyìn náà jáde nígbà yẹn, àwọn mágásínì kan tilẹ̀ kọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ tó kún fún iye, tó wà lẹ́yìn ìwé, kò ní àyè fún àlàyé. Ojú ìwé kan tí wọ́n sì ya kúrò nínú ìwé, tí wọ́n fi ọ̀rá bò, kò lè gbé àlàyé tó wà ní ojú ìwé mìíràn wá sí Ìlọrin. Mo ka ẹ̀bi èyí sọ́rùn mágásínì ju Alhaji lọ. Ẹni tó ń ta ìwé fún àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ mọ̀ pé àtẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣí, àti pé àtẹ ni wọ́n á fi jiyàn.

Irú èyí sì ti ṣẹlẹ̀ rí, ó tóbi ju báyìí lọ. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí i, ìhòòhò ni wọ́n ń wọn ẹ́ńjìnnì ní Amẹ́ríkà, láìsí sàlẹ́ńsà tí wọ́n ń lò lójú ọ̀nà, láìsí àwọn ohun tó ń jẹ agbára rẹ̀ jẹ. Cadillac Eldorado ti 1971 ní ẹṣin 365 lórí ìwé. Ní 1972, tí wọ́n wọn ẹ́ńjìnnì ńlá lítà 8.2 náà pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn rẹ̀, ó di 235. Ẹṣin 130 lọ lálẹ́ ọjọ́ kan.

Alhaji fẹ́ràn ìtàn yẹn débi pé ó ní kí n tún sọ òmíràn. Mo sọ ti Pontiac GTO fún un. Ní oṣù kẹta 1964, mágásínì Car and Driver gbé GTO yìí sójú èèpo iwájú ìwé pẹ̀lú Ferrari tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Wọ́n kọ ọ́ pé ìṣẹ́jú-àáyá 4.6 ló fi dé 60, ó sì fi 13.1 parí ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì. Ní ọdún yẹn, iye bẹ́ẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Ọdún púpọ̀ kọjá kí Jim Wangers, tó ń bá Pontiac ṣe ìpolówó nígbà náà, tó jẹ́wọ́ pé ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n fún mágásínì kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà. Èyí tí wọ́n ń tà jẹ́ íǹṣì kúbíìkì 389, tó sún mọ́ lítà 6.4. Èyí tí wọ́n fi síbẹ̀ jẹ́ 421, lítà 6.9.

"Kí ni wọ́n fi pa ojú rẹ̀ mọ́?"

Wọn kò nílò láti pa ojú rẹ̀ mọ́. Láti ìta, àwọn ẹ́ńjìnnì méjèèjì jọra.

Alhaji pa ọwọ́ pọ̀. Ó ní ní ọjà àgbò nígbà Iléyá, èyí tí wọ́n máa ń so síwájú, tí wọ́n ti fọ ìrun rẹ̀ tó funfun, òun kọ́ ni wọ́n máa ń tú fún oníbàárà. Mo ní Jaguar E-Type náà nìyẹn. Ní 1961, ọkọ̀ tí wọ́n fún àwọn mágásínì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti dán wò, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 9600 HP, kọjá máìlì 150 ní wákàtí kan, wọ́n sì ti múra rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa kí ó tó lọ. Èyí tí àwọn èèyàn san owó rà lẹ́yìn rẹ̀ kì í sábà dé ibẹ̀. Ọkọ̀ rere ni, ó sáré, ó rẹwà. Àgbò iwájú ọjà ni 150 yẹn ṣá.

Ẹjọ́ ńkọ́? Tíṣà kọ́kọ́ fẹ́ dá ọkọ̀ padà kí ó gba gbogbo owó rẹ̀. Alhaji ní ọkọ̀ kò ní àléébù, òótọ́ sì ni. Mo sọ ohun tí mo rò fún wọn: ọkọ̀ náà dára, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n irinwó ẹgbẹ̀rún tí ó lé lórí rẹ̀ kò ra ohunkóhun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tíṣà rán Alhaji létí pé 210 tó fi báírò pupa yí po ni òun rí kí òun tó rí ọkọ̀. Alhaji rán Tíṣà létí pé olùkọ́ físíìsì ni. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ìrun Alásàrì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Bàbá kan tó ń ṣe pánẹ́lì-bítà nítòsí, tó dàgbà ju gbogbo wa lọ, ló dìde tó ní kí Alhaji dá ìdajì padà, kí Tíṣà sì má ka ìwé mọ́ fún oṣù kan. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ni Alhaji dá padà, ẹ̀ẹ̀mejì ló fi san án. Èmi dá owó iṣẹ́ plọ́ọ̀gì padà fún Tíṣà. Owó plọ́ọ̀gì gan-an kò ṣeé dá padà, mo ti fi wọ́n sínú ọkọ̀.

Tíṣà ṣì ń lo aláwọ̀ eérú. Ìgbà tó kẹ́yìn tí mo rí i, ó ń fi áàpù náà kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ohun tí rollout jẹ́, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ológere.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gba iwájú ibùdó Alhaji kọjá. Camry dúdú ṣì wà níbẹ̀. Ó rí mi, ó pè mí, ó ní kí n jókòó, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi. Ojú ìwé tó fi ọ̀rá bò yẹn wà lórí tábìlì rẹ̀, pẹ̀lú báírò pupa.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, "ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Bí mo bá lẹ 210 yìí mọ́ ti 2006 náà, ṣé irọ́ ni mo pa?"

Mo mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò mi tán kí n tó dá a lóhùn. Mo ní kí ó lẹ 8.9 mọ́ ọn, kí ó sì kọ ojú ọ̀nà Ẹyẹnkọ́rìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní ta ni yóò ra ìyẹn?